Ìbúgbàmù ìràwọ̀ méjì tó wọnú ara wọn: kí ni a lè fi ojú wa rí láti Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà, béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí ìwé tí a ń lò kò dáhùn. Wọ́n gbọ́ pé ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn po lè máa súnmọ́ra títí wọn yóò fi di ẹyọ kan, àti pé nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí yóò ti ibẹ̀ jáde lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún kà á pé àwọn awòràwọ̀ káàkiri ayé ń retí kí ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní T Coronae Borealis bú jáde, ó sì dá a lójú pé irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń retí. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi láyè kí n wádìí.

Ohun èlò tí mo ní kò pọ̀. Mo ní awò olójú méjì kan, irú èyí tí wọ́n kọ 10x50 sí lára, mo ní kámẹ́rà kan tí ó ṣeé gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, pápá ìṣeré wa sì ṣókùnkùn dáadáa nígbà tí kò bá sí iná. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ìràwọ̀ méjì wọnú ara wọn, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbúgbàmù yẹn àti nófà tí a ti mọ̀. Mo tún fẹ́ mọ bí ẹni tó wà ní Iléṣà yóò ṣe dá èkíní mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì bí ìràwọ̀ tuntun bá ṣàdédé yọ lójú ọ̀run. Èyí tó sì jẹ mí lógún jù ni pé, ǹjẹ́ iṣẹ́ gidi kan wà tí àwọn ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, tàbí a ó kàn máa retí ohun tí ó lè má ṣojú ẹnikẹ́ni nínú wa? Ìtara wọn pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ó tutù.

Awòràwọ̀ Ọgbà, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ T Coronae Borealis. Kì í ṣe ìdàpọ̀. Ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọ̀kan jẹ́ òmìrán pupa, èkejì jẹ́ aràrá funfun, ìyẹn inú ìràwọ̀ tó ti jó tán, tó kéré ṣùgbọ́n tó wúwo, wọ́n sì ń yí ara wọn po ní nǹkan bí ọjọ́ 228. Gáàsì ń ṣàn láti ara òmìrán náà sórí aràrá funfun, ó ń kóra jọ níbẹ̀ títí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yóò fi pọ̀ débi pé háídrójìn tó wà lókè yóò gbaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1866, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1946, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń retí òmíràn. Nófà nìyẹn. Awọ òde nìkan ló ń fò lọ. Àwọn ìràwọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìdàpọ̀ kò sí ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí ìràwọ̀ méjì ló wọ inú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ẹyọ kan ló sì ń jáde.

Orúkọ tí ó ti mọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́nu fún irú ìbúgbàmù ti ìdàpọ̀ yìí ni nófà pupa. Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ló súnmọ́ ẹnìkejì rẹ̀ débi pé ara wọn kan ara wọn, tí gáàsì òde àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀kan, bí ẹni méjì tí wọ́n jọ wọ agbádá kan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yí ara wọn po láàárín wákàtí díẹ̀. Agbára tó ń mú wọn yí kì í dúró sójú kan: ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ jáde láti ara ìràwọ̀, tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì sì dì mú, ń gbé díẹ̀ lọ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ń kéré sí i fún àìmọye ọdún. Ewu wọ̀ ọ́ nígbà tí èyí kékeré bá ti kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ńlá, tí kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́tàlá rẹ̀ lọ. Nígbà náà, èyí ńlá kò ní lè máa yí lórí ara rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú bí àwọn méjèèjì ṣe ń yí po àyàfi bí ó bá ń gba agbára ìyípo lọ́wọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, bí ó bá sì ti gbà á, ọ̀nà náà yóò tún kéré sí i, yóò sì tún ní láti gbà sí i. George Darwin, ọmọ Charles Darwin, ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò àìdúróṣinṣin yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí dòní. Gáàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti apá ẹ̀yìn, níbi tí òòfà àwọn méjèèjì kò ti lè dì í mú mọ́, òun náà yóò sì máa gbé agbára ìyípo sálọ. Níkẹyìn, èyí kékeré yóò rì sínú èyí ńlá.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí? V1309 Scorpii ló fi hàn wá, ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni àwọn awòràwọ̀ ní Japan àti China rí ìràwọ̀ tuntun kan nínú Scorpius, ìtò ìràwọ̀ tó dà bí àkekèé, gbogbo ènìyàn sì kọ́kọ́ kà á sí nófà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ OGLE ti Yunifásítì Warsaw ní Poland ti ń ya àwòrán apá ọ̀run yẹn láti Las Campanas ní Chile, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Romuald Tylenda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sínú àkọsílẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2011. Ibi kan náà gan-an ni ìràwọ̀ méjì tó fara kan ara wọn ti wà, tí wọ́n ń yí po ní nǹkan bí ọjọ́ 1.4. Láti 2002 sí 2007, àkókò ìyípo náà dínkù ní ìwọ̀n díẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdínkù náà sì ń yára sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ìmọ́lẹ̀ wọn, tí ó máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan tẹ́lẹ̀, wá di èyí tó ń ga lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ṣú fún ìgbà díẹ̀. Gáàsì àti eruku tó tú jáde ló bò ó lójú. Láti nǹkan bí oṣù kẹta 2008 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó tó wá fò sókè lójijì, títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi tó nǹkan bí 10,000 ìlọ́po ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí àmì ìyípo ọjọ́ 1.4 yẹn mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti ní kí ó tó bú jáde ló sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó nígbà tí kò ní orúkọ, à bá ṣì máa jiyàn lórí rẹ̀ dòní. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún CK Vulpeculae tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1670, tí ó ṣú, tí ó sì tún padà mọ́lẹ̀ ní 1671: ó pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń pè é ní nófà, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti yí padà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n iyàn rẹ̀ kò tíì parí.

Ní ti bí ẹ óò ṣe dá wọn mọ̀ yàtọ̀, àwọ̀ ni kókó. Bí nófà ṣe ń rọlẹ̀, gáàsì tó tú jáde ń fẹ́lẹ́ sí i, a sì ń rí inú rẹ̀ tó gbóná jù. Nófà pupa ń ṣe òdì kejì: bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ó ń tutù, tí ó ń wú, tí ó ń pọ́n sí i, títí tí irú ohun bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti titaniọ́mù yóò fi so pọ̀ nínú awọ òde rẹ̀, tí eruku yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá. V838 Monocerotis ni ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Nicholas Brown, awòràwọ̀ kan ní Australia tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, ló rí i ní oṣù kìíní 2002. Ó ga, ó rọlẹ̀, ó tún ga ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì débi pé awò olójú méjì lásán lè rí i, ó tún ga lẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù kẹta, lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó sì ṣú mọ́ ojú wa lọ́wọ́. Àwòrán tí Hubble, awò-awọ̀nàjíjìn tó wà lókè òfúrufú, yà níbẹ̀ láti 2002 lọ lókìkí gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gáàsì tó fò jáde ni òrùka ńlá tó yí i ká, ṣùgbọ́n eruku tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù náà ló ń kàn án ní ìpele-ìpele bí ó ti ń rìn jáde.

Bàbá Mọ́dákẹ́kẹ́ dáhùn:

Olùkọ́, mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣàlàyé lókè yìí. Èmi ti ń wo ọ̀run láti ìgbà tí iná kò tíì pọ̀ ní àdúgbò wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ìlú wa gan-an ni n óò sọ.

Ibi tí a wà dára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, tí ó túmọ̀ sí pé láàárín ọdún kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀run ni yóò kọjá lójú wa, ti gúúsù àti ti àríwá. Ọ̀nà Scorpius àti Sagittarius ni àárín gálásì wa wà, níbẹ̀ ni ìràwọ̀ sì ti pọ̀ jù. Inú Scorpius ni ti 2008 ti yọ. Inú Sagittarius ni V4332 Sagittarii, tí òun náà jẹ́ nófà pupa, ti yọ ní 1994. Ní Warsaw, níbi tí wọ́n ti tú àṣírí V1309 Scorpii, ìràwọ̀ yẹn kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ sókè ilẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ní láti lọ gbé awò-awọ̀nàjíjìn wọn sí Chile. Níbí, ó ń ga tó ìwọ̀n 52.

Àkókò ni ìṣòro wa. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni Scorpius máa ń wà lókè ní òru, ìgbà yẹn gan-an sì ni òjò àti ìkùukùu ń jọba. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní kò ní ìkùukùu púpọ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fi eruku bo ìràwọ̀ kéékèèké, ó sì tún jẹ́ pé oòrùn wà nítòsí apá ọ̀run yẹn nígbà náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí láti ìparí oṣù kejì títí di oṣù kẹrin. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó sì ti fọ eruku kúrò lójú sánmà, òru tó bá tẹ̀ lé e máa ń mọ́ kedere ju òru èyíkéyìí lọ nínú ọdún. Scorpius yóò ti ga dáadáa ní gúúsù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ lọ síbi tí iná kò sí rárá, ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí wọn àti àgbàlagbà tó pọ̀ tó, ẹ óò rí ìyàtọ̀ náà kíákíá.

Ẹ tún kọ́ wọn ní bí a ṣe ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1911, ń fúnni ní àwòrán ojú ọ̀run lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí kì í yí padà sí. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ìgbésẹ̀ márùn-ún sì jẹ́ ìlọ́po 100. Bí ẹ bá rí 74 níbẹ̀, 7.4 ni, wọn kì í fi àmì kékeré àárín yẹn sí i kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ìràwọ̀. Ẹ wá ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ju èyí tí ẹ ń wò lọ díẹ̀, àti òmíràn tí kò mọ́lẹ̀ tó o, kí ẹ sì sọ ibi tí tiyín bọ́ sí láàárín wọn. Ìràwọ̀ pupa ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, yóò máa dà bí ẹni pé ó ń mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ máa wò ó fìrí, kí ẹ yọjú kúrò, kí ẹ tún wò ó fìrí. Ìràwọ̀ tó bá sì wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ máa ń pọ́n ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà ìràwọ̀ tó wà ní gíga kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bí ọmọ kan bá sọ pé òun rí ìràwọ̀ tuntun, ẹ má ṣe pa ayọ̀ rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ya àwòrán méjì, kí ẹ sì yí ojú kámẹ́rà díẹ̀ láàárín wọn, kí àwòjìji inú lẹ́ńsì lè fi ara hàn. Ẹ rí i dájú pé kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì tàbí ọ̀kan nínú àwọn àpáta ńlá tí ń yí oòrùn po bíi Vesta. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú àkójọ AAVSO tàbí lórí Transient Name Server, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń forúkọ ohun tuntun ojú ọ̀run sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ibi tó wà, àkókò, àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, nítorí àwọn tó ní ẹ̀rọ tí ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀-àwọ̀ yóò fẹ́ gbá a mú kí ó tó yí padà.

Àdùkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ gidi nínú ọ̀rọ̀ òjò àkọ́rọ̀ yẹn. Síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò rò pé wíwá ìràwọ̀ tuntun ló yẹ kí àwọn ọmọ Iléṣà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ASAS-SN, ATLAS àti ZTF tó wà ní Palomar ń ya àwòrán ọ̀run fúnra wọn ní òròòru, ilé ìwòràwọ̀ Rubin ní Chile sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń kọ́kọ́ rí èyí tó pọ̀ jù, títí kan ìràwọ̀ kan tí ZTF rí ní 2020, tí ó gbé pílánẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ mì. Ọmọ tó bá ń wá ìràwọ̀ tuntun lè wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má sì rí nǹkan kan.

Ohun tí Awòràwọ̀ Ọgbà sọ nípa V1309 Scorpii ni kí a tẹ̀ lé dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ló sọ ìtumọ̀ ìbúgbàmù, a jẹ́ pé àwọn ìràwọ̀ tí kò tíì bú ni kí a máa wò. Ìràwọ̀ W Ursae Majoris ló fún gbogbo ẹbí àwọn tó fara kanra yìí ní orúkọ. Àkókò ìyípo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ, ọ̀kan sì ń bo èkejì lójú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, nítorí náà ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rọlẹ̀ láti 7.8 sí nǹkan bí 8.5. Awò 10x50 tó bẹ́ẹ̀. Ní Iléṣà, ó ń ga tó ìwọ̀n 41 ní apá àríwá, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin sì ni ó máa ń wà níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè jí. Kí wọ́n máa díwọ̀n rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ya gíráàfù, kí wọ́n sì wá àkókò tí ó ṣú jù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi í wé àkókò tí ìṣirò sọ.

Agbára iṣẹ́ yìí wà nínú bí àṣìṣe kékeré ṣe ń ṣù jọ. Ìràwọ̀ yẹn ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 1,095 lọ́dún. Bí àkókò ìyípo tòótọ́ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo kéré sí èyí tí a kọ sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, ìṣújú rẹ̀ yóò ti yá ju ìṣirò lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ní awò àti aago lè rí ìṣẹ́jú 18. Fún kámẹ́rà yín, Epsilon Coronae Australis tún wà: ojú lásán ń rí i ní gúúsù, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.7 sí 5.0, ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 14. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré jù fún ojú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè wọ̀n ọ́n.

Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ìtàn KIC 9832227 pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, Lawrence Molnar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Calvin College ní Amẹ́ríkà kéde pé ìràwọ̀ méjì yìí, tí wọ́n wà nínú Cygnus tí wọ́n sì ń yí po ní wákàtí 11, lè wọnú ara wọn ní nǹkan bí 2022, kí ojú lásán sì rí i. Ìgboyà ni ó jẹ́ láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sójútáyé kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2018, Quentin Socia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Diego yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àkókò ìṣújú kan nínú ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe wákàtí 12. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdínkù tó ń yára yẹn kò sí mọ́. Molnar fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí a sáré pe gbogbo ìyípadà àkókò ní ìdàpọ̀: ìràwọ̀ kẹta tí ń fà wọ́n síwá sẹ́yìn lè mú kí ìmọ́lẹ̀ wọn tètè dé wa tàbí kí ó pẹ́, ìyípadà agbára mágnẹ́ẹ̀tì lára wọn sì lè ṣe bákan náà.

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà, dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá, a ó gba ìmọ̀ràn ìdájí yẹn fún Scorpius. Àdùkẹ́, W Ursae Majoris ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ó bá ẹ̀kọ́ gíráàfù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ mu. Ìtàn wákàtí 12 yẹn ló wá gbé ìbéèrè mìíràn dìde lọ́kàn mi. Bí àṣìṣe àkókò kan ṣoṣo bá lè dá irú rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, báwo ni kí àwọn ọmọ ṣe máa kọ àkókò tiwọn sílẹ̀ tí ẹni tó wà ní Japan tàbí Chile yóò fi lè lò ó láìní iyèméjì?

Awòràwọ̀ Ọgbà, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn:

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ béèrè gan-an nìyẹn, Olùkọ́. Ẹ fi aago fóònù ṣe aago yín, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì ń tún un ṣe, kí ẹ sì máa kọ aago Nàìjíríà sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ìlà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró di àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ wákàtí kan kúrò, nítorí àkókò àgbáyé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. A kì í yí aago padà láàárín ọdún bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù, èyí sì gbà wá lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ kan.

Àwọn awòràwọ̀ tún ń lo ọjọ́ Julian, tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ tẹ̀léra láìsí oṣù àti ọdún. Ọ̀sán gangan ní àkókò àgbáyé ni ọjọ́ Julian ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago kan ọ̀sán níbí. Ó ṣàǹfààní, nítorí òru kan látòkèdélẹ̀ yóò wà nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọjọ́ kò ní yí padà mọ́ yín lọ́wọ́ ní agogo méjìlá òru. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbàgbé, tí ó sì kà á láti òru, yóò fi wákàtí 12 gẹ́lẹ́ ṣìnà. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan kí ó lè wọ̀ wọ́n lára: aago mẹ́jọ alẹ́ ní Iléṣà jẹ́ aago méje alẹ́ ní àkókò àgbáyé, wákàtí méje lẹ́yìn ọ̀sán, nítorí náà ìdá tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ọjọ́ náà jẹ́ 7 tí a fi 24 pín, èyí tí í ṣe 0.2917.

Àtúnṣe kan ṣoṣo ló kù. Ayé ń yí oòrùn po, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan náà ń tètè dé wa ní oṣù kan, ó sì ń pẹ́ ní oṣù mìíràn, tí ìyàtọ̀ náà lè tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àkókò tí ayé gbà sílẹ̀ láìtún un ṣe, kí ẹ sì ṣí òpó kejì nínú ìwé fún èyí tí a ti tún ṣe sí ti oòrùn, bí ẹni pé láti ibi tí oòrùn wà ni a ti ń wo ìràwọ̀ náà, kí ẹni tó bá ń kà á lè rí méjèèjì. AAVSO ní ibi tí a ti lè ṣe ìṣirò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sánmà ti ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, kò sì jìnnà sí yín rárá; ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ yín kọ lẹ́tà sí wọn. Ní tèmi, bí ẹ bá ti díwọ̀n W Ursae Majoris fún òru kan ṣoṣo, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà yẹn síbí bí wọ́n ṣe rí, àwọn tó dára àti àwọn tí ẹ rò pé kò dára. Àdùkẹ́ àti èmi yóò wá àkókò ìṣújú náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì kọ ọ̀nà tí a gbà síbí, kí àwọn ọmọ lè fi tiwọn wé e.